Ìpápánu àti eré ìdárayá ní Èkìtì

Ìpápánu ni oúnjẹ kékeré tí èèyàn ń fi panu kí oúnjẹ gidi tó dé. Fún ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá, ohun tó fi panu lè ran eré náà lọ́wọ́, ó sì lè sọ ọ́ di òfo. Iyán ni gbogbo ayé fi mọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìpápánu tí eléré ìdárayá nílò ló wà lórí àtẹ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe sè é àti ìwọ̀n tí èèyàn jẹ ló kù.

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ: 9 ló wà nínú gíráàmù kan ọ̀rá, 4 péré sì ni ti purotíìnì tàbí sítáàṣì. Ẹ̀wà kan náà, tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n sì lọ̀ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ló ń di àkàrà, òun náà ló ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀. Èyí tí wọ́n pọ́n sínú ewé, ooru omi ló ń sè é jinná. Èyí tí wọ́n dà sínú agbada ń fa òróró mu bó ṣe ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ṣíbí ńlá kan òróró ní kálórì bí 120. Ìdí nìyí tí ọ̀lẹ̀lẹ̀ fi dára ju àkàrà lọ fún ẹni tó fẹ́ fọn, bí wọn ò bá ti da òróró púpọ̀ sínú rẹ̀. Àkàrà kì í ṣe èèwọ̀ o. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti òwúrọ̀ yóò lo agbára inú rẹ̀ tán.

Ẹni tó fẹ́ sáré ní pápá ìṣeré Olúyẹ́mí Káyọ̀dé ní Adó-Èkìtì lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ó ń fúnni lókun, kò sì ní ọ̀rá tó máa pẹ́ nínú. (Káyọ̀dé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà wà lára àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje alọ́pàá ti 4×100 mítà ní Òlíńpíìkì Barcelona, ọdún 1992.) Bọ̀ọ̀lì náà dára: lórí ẹyín iná ni alábọ̀ọ̀lì ti ń yí i, tó ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó jó, kò sì sí ẹ̀kán òróró kan níbẹ̀. Ìpékeré kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan náà ni. Lẹ́yìn eré, purotíìnì ni iṣan ń fẹ́ láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹyin sísè kan ní bíi gíráàmù 6, wàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà sì ní i dáadáa.

Ẹ̀pà sísun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 28, ní purotíìnì gíráàmù 7 àti kálórì bí 160. Ìyẹn dára púpọ̀, àmọ́ ẹni tó gbé ìgò ẹ̀pà kalẹ̀ tó ń tàkúrọ̀sọ kì í dúró síbi ẹ̀kúnwọ́ kan. Èyí tó ti bu kò ṣeé jẹ rárá, torí èbu náà lè ní májèlé aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí i pátápátá.

Àsìkò ló ń yan ìyókù: agbálùmọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbàdo sísè àti àsálà nígbà òjò.

Ohun tí wọ́n fi ń ti ìpápánu lọ́nà ọ̀fun ló máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 33 lè ní ṣúgà tó gíráàmù 35. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ má ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn. Ẹni tó mu agolo méjì ti kọjá ibẹ̀ kó tó fẹnu kan búrẹ́dì tàbí pọfupọ́ọ̀fù.