Ẹnu méjì ni ètò kọ̀ǹpútà ní, ẹ má gbọ́ ẹyọ kan

Bàítì 20. Bí ẹ̀dà ìpamọ́ ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Kubwa, ní Abuja, ṣe tóbi tó nìyẹn, lálaalẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Fáìlì tó yẹ kó gba gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà, gbèsè àti orúkọ oníbàárà sínú. Èmi ni mo kọ script (àṣẹ tí a tò sínú fáìlì kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé e) tó ń ṣe é. Láràárọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù: "Ìpamọ́ ti parí." Nígbà tó di ọjọ́ kan, iná lọ, iná dé, iná tún lọ, díìsìkì kọ̀ǹpútà wọn sì kọṣẹ́. Màmá pè mí: "Ọmọ mi, èyí tí ẹ ń pa mọ́ yẹn la gbójú lé o." Mo ṣí i, òfìfo ni mo bá. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jókòó ti ìwé résíìtì, tí à ń tẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta padà sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀bù ló ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ibi tí àkọsílẹ̀ wà. mysqldump, ètò tó ń da àkọsílẹ̀ jáde tí script mi ń pè, kò rí ọ̀nà wọlé, ó sì pariwo: Access denied, ìyẹn ni pé wọn ò gbà á láyè. Ẹnu tó fi pariwo gan-an ni mi ò dẹtí sí.

Gbogbo ètò tí à ń fi àṣẹ pè ló ní ẹnu méjì. Ọ̀kan ni ó fi ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an; stdout ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1. Èkejì ló fi ń ṣàròyé, tó fi ń kìlọ̀. Stderr nìyẹn, nọ́ńbà 2. Bí ẹ bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ojú kan náà ni ohùn méjèèjì ń yọ sí, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Ìgbà tí script bá ń gbọ́ dípò yín ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà.

Nínú Bash, ètò tó ń gba àṣẹ tí a bá tẹ̀, báyìí la ṣe ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu kìíní sínú igbá (variable); df tí mo lò níbí ń sọ àyè tó kù lórí díìsìkì:

aaye=$(df -P /)

Igbá náà ń jẹ́ aaye. Bash kì í gba ẹ, ọ tàbí ṣ nínú orúkọ igbá, ìdí tí mo fi kọ ọ́ lásán nìyẹn. Ohun tó wà nínú igbá lè ní àmì tó bá wù ú. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kọ ọ́ báyìí: echo "$aaye". Bí ẹ bá gbàgbé àmì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, gbogbo ìlà á dà pọ̀ di ẹyọ kan.

Àròyé ńkọ́? Ẹ gbà á sọ́tọ̀:

aaye=$(df -P /mnt/flash 2>aroye.txt)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi 2>&1 pa ohùn méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ script ló máa ka àbájáde, èmi kì í ṣe é, torí ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tó bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà á da ìṣirò rú. Fún ìwé àkọsílẹ̀ tí ènìyàn máa kà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ èyí tó ṣáájú. Láti òsì lọ sọ́tùn-ún ni Bash ń kà: >ise.log 2>&1 á kó méjèèjì sínú fáìlì; 2>&1 >ise.log á kó ẹnu kìíní nìkan, àròyé á sì máa gba ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ètò tó kúrò nílẹ̀, ó tún máa ń fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ nínú $?. Òdo túmọ̀ sí pé ó ṣe é. Àṣẹ tó bá tẹ̀ lé e á pa nọ́ńbà náà rẹ́, nítorí náà ẹ tètè mú un. Kì í ṣe gbogbo èyí tí kì í ṣe òdo ni àṣìṣe o: grep, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ń fi 1 sílẹ̀ bí kò bá rí ohun tó ń wá, ó sì ń fi 2 sílẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ lóòótọ́.

Ibí yìí gan-an ni mo ti kọsẹ̀. Ìlà mi rèé, gzip tó wà níbẹ̀ ló ń di fáìlì kó lè kéré:

mysqldump oogun | gzip > oogun.sql.gz

Ọ̀pá tó wà láàárín yẹn (pipe), tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu kìíní ètò kan fún èkejì, ti wà nínú Unix láti 1973, nígbà tí Ken Thompson fi í síbẹ̀ lẹ́yìn tí Doug McIlroy ti ń rọ̀ wọ́n sí i. Bí àwọn àṣẹ bá tò tẹ̀ léra báyìí, nọ́ńbà ti ìkẹyìn nìkan ni Bash ń jábọ̀. mysqldump kùnà, ó fi 2 sílẹ̀. gzip gba òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó di òfìfo náà dáadáa, ó fi 0 sílẹ̀. Òfìfo tí gzip bá sì dì báyìí, bàítì 20 gẹ́lẹ́ ni. Script mi rí 0, ó ní iṣẹ́ ti parí. Ìlà kan péré ni ì bá gbà mí, lókè script: set -o pipefail. Bí ẹnikẹ́ni bá kùnà nínú ọ̀wọ́, gbogbo ọ̀wọ́ kùnà nìyẹn.

Ẹni tó ń lo Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀dà 3.7, subprocess.run tó ń pe ètò mìíràn, pẹ̀lú capture_output=True àti text=True ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: stdout, stderr, returncode. Lórí Windows, ẹ fi encoding="utf-8" kún un bí ètò náà bá ń kọ UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà tó ní àmì), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúkọ bíi Ṣọlá lè jáde wúruwùru. Ẹni tó bá ń lo Popen fúnra rẹ̀, èyí tó ń ṣí ètò láìdúró dè é, ni kó ṣọ́ra jù. Lórí Linux, bàítì 65,536 ni ọ̀pá náà sábà máa ń gbà. Bí script bá ní àfi kí ètò parí kóun tó kà, tí ọ̀pá sì kún, ètò á máa dúró de script, script á máa dúró de ètò, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn níbẹ̀. communicate() ni kẹ́ ẹ lò, torí ó ń kà bí ètò ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní Kubwa báyìí, script náà ń wo nọ́ńbà, ó ń ka aroye.txt, ó sì ń wọn fáìlì tuntun mọ́ ti àná. Bí tuntun bá fi ìdajì kéré sí i, kò ní sọ pé iṣẹ́ parí. Ní oṣù tó kọjá, màmá fi ọ̀rọ̀ tí script kọ sí i ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: "Ìpamọ́ KÒ parí. gzip: stdout: No space left on device." Àyè ti tán lórí díìsìkì nìyẹn. Kí oòrùn tó mú, mo ti wà ní Banex, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Abuja, mò ń bèèrè iye díìsìkì tuntun.