Lẹ́tà tí ó ní "ẹ kò kúnjú ìwọ̀n" lẹ́yìn iná igbó

Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2025 ni iná igbó Palisades àti ti Eaton bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Los Angeles. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ààrẹ Amẹ́ríkà ti kéde rẹ̀ ní àjálù ńlá, ìkéde yìí ló sì ṣí ọ̀nà fún ìrànwọ́ FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó irú ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì bẹ́ẹ̀. Fífi orúkọ sílẹ̀ kò le: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, tàbí orí fóònù, tàbí ibùdó ìrànwọ́ tí wọ́n ṣí sí ìtòsí. Lẹ́tà tí ó ń tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a dúró tì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣí lẹ́tà náà, wọ́n á rí i pé wọ́n ní àwọn kò kúnjú ìwọ̀n, wọ́n á ká a pọ̀, wọ́n á sì gbà pé ó ti bùṣe. Àṣìṣe gbáà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí lẹ́tà náà ń sọ kò ju pé ó ku ìwé kan tí FEMA kò tíì rí, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni èsì iléeṣẹ́ adójútòfò.

Òfin kò gba ìjọba láyè láti san owó ohun tí adójútòfò ti san tàbí tí yóò san. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí lóde ìnáwó yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Agbáwo tí ó yípo kẹ́yìn kì í gbé oúnjẹ fún ẹni tí abọ́ ti wà níwájú rẹ̀; ìyẹn yé gbogbo ayé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ni ẹni tí agbáwo mìíràn ti ṣèlérí fún, ṣùgbọ́n tí kò tíì rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá fún un ní ìrẹsì báyìí, tí ti àkọ́kọ́ sì tún dé, abọ́ méjì ni yóò wà níwájú ẹnì kan, nígbà tí àwọn ará tábìlì ẹ̀yìn ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ni agbáwo ìkẹyìn ṣe ní kí ó lọ gbọ́ èsì ọ̀dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́ ná: bí wọ́n bá ní oúnjẹ ti tán, kí ó padà wá, bí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá láìsí ẹran, kí ó padà wá nítorí ẹran. FEMA ni agbáwo ìkẹyìn yẹn. Lẹ́tà adójútòfò, ì báà jẹ́ ti ìsanwó tàbí ti ìkọ̀sílẹ̀, ni èsì tí ó ń retí.

Òfin náà bọ́gbọ́n mu; lẹ́tà gan-an ni kò dára tó. GAO, iléeṣẹ́ tí ó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ti sọ ọ́ nínú ìjábọ̀ ọdún 2020 pé lẹ́tà yìí kì í yé àwọn tí ó ń gbà á. "Ẹ kò kúnjú ìwọ̀n" dún bí ìdájọ́ létí ẹni tí ilé rẹ̀ jó, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni.

Ẹni tí kò ní ìdójútòfò kò ní ẹjọ́ agbáwo rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè bi í pé kí ni ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ní Altadena, àdúgbò kan tí iná Eaton jó, níbi tí ó jẹ́ pé òpó èéfín nìkan ló ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ àwọn kan, ìwé inú dúrọ́wà ti di eérú. Ìwé owó iná mànàmáná tí wọ́n tún tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́, lè jẹ́rìí.

Nínú àjálù yìí, 770 dọ́là ni owó kíákíá fún oúnjẹ àti omi, kì í sì í ṣe òun ni òpin ìrànwọ́: ti ilé lè tó 43,600 dọ́là. Ẹ̀yáwó SBA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń yá àwọn tí àjálù bá lówó), tí ó lè tó 500,000 dọ́là fún ilé fúnra rẹ̀, jẹ́ gbèsè tí a óò san.

Ọgọ́ta ọjọ́ láti ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà ni àyè wà fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, kò pọn dandan mọ́ láti kọ lẹ́tà àfọwọ́sí mọ́ ọn. Ìwé tí ó kù náà ti tó, kí a sáà kọ orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti nọ́ńbà àjálù náà, 4856, sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.