Ṣé ìjọba ìlú lè wó ilé tí òfin ìlú ní kí wọ́n má wó?

"Ìjọba ló ṣòfin, ìjọba ló ni ilẹ̀, ta ló fẹ́ mú un?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó bá rí katapílà ìjọba nídìí ilé àtijọ́. Ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ìdáàbòbò ilé àtijọ́ tí ìlú náà ṣe ní 1978 de ìjọba ìlú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé ilé-ìwé kan tí òfin ń ṣọ́, ọ̀nà tí onílé àdáni ń gbà ni àwọn náà máa gbà. Ìjọba àpapọ̀ ni apá òfin yẹn kò ká.

Ti New York rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ẹ̀ka ìjọba ìlú á gbé àwòrán iṣẹ́ lọ fún ìgbìmọ̀ ilé àtijọ́, ìgbìmọ̀ á kọ ìròyìn láàárín ọjọ́ 45, àwọn ìròyìn kan sì wà tó jẹ́ ìmọ̀ràn lásán.

Ní Washington, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìtọ́jú ilé àtijọ́ ló ń buwọ́ lu àtúnṣe kéékèèké. Iṣẹ́ ńlá ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án. Wíwó ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Kò sí ẹni tó lè wó ilé bẹ́ẹ̀ àfi bí Aṣojú Méyọ̀ (òṣìṣẹ́ tí Méyọ̀, olórí ìlú, yàn láti dá irú ẹjọ́ yìí) bá gbà pé ó bá èrò òfin náà mu, tàbí pé iṣẹ́ tó ní àǹfààní àrà ọ̀tọ̀ fún ará ìlú kò lè ṣeé ṣe láìwó o, tàbí pé kíkọ̀ yóò ni ẹni tó ni ín lára kọjá ààlà.

Ẹ wá fojú inú wo ọba tó fẹ́ wó gbọ̀ngàn àwọn baba rẹ̀. Òfin ní kó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ìjòyè tí òun fúnra rẹ̀ fi jẹ! Ìjòyè á jókòó, á ní, "Kábíyèsí, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ẹ lè gbà?" Kábíyèsí á kó ẹlẹ́rìí wá, ará àdúgbò á máa da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí. Ó jọ eré, ibẹ̀ sì ni òfin náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ìjòyè yẹn gbọ́dọ̀ kọ ìdí tó fi gbà sílẹ̀, kọ́ọ̀tù sì lè yẹ ìdí náà wò. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ McMillan ní Washington jẹ́rìí sí i. Éékà 25 ni ilẹ̀ náà. Ní 1905 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn sẹ́ omi ìlú níbẹ̀, nínú yàrá 20 abẹ́ ilẹ̀ tí òrùlé wọn jẹ́ kọnkéré tí kò ní irin nínú. Ìjọba ìlú rà á lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1987, ó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé, ọ́fíìsì àti ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀. Aṣojú Méyọ̀ fọwọ́ sí wíwó, ìgbìmọ̀ ìlò ilẹ̀ náà fọwọ́ sí tirẹ̀ (àṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o, ọ̀kan kò rọ́pò èkejì). Ní December 2016, kọ́ọ̀tù fagi lé méjèèjì: àlàyé wọn kò kún tó, kí wọ́n padà lọ ṣe é dáadáa. Ó di 2019 kí kọ́ọ̀tù tó gbà, ó sì di 2021 kí wíwó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí àwọn ẹ̀ka ìjọba ti ń kọsẹ̀ jù ni àkókò. Òfin ní kí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ ọ́fíìsì ìtọ́jú ilé àtijọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àwòrán. Ẹni tó bá ti sanwó ayàwòrán-ilé tán kó tó dé ibẹ̀, àwòrán tuntun ló máa san owó rẹ̀. Bí àǹfààní àrà ọ̀tọ̀ bá sì ni wọ́n fi gba àyè, ìwé àṣẹ wíwó kò ní jáde àfi kí ìwé àṣẹ kíkọ́ bá a jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi hàn pé agbára àtiparí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí ilẹ̀ má baà wà lófìfo fún ọdún mẹ́wàá.