Gbígbin Carex Ìbílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà láti Inú Irúgbìn

Carex jẹ́ ọ̀wọ́ ewéko kan nínú ẹbí Cyperaceae, ẹbí kan náà tí òfìo àti làbẹ̀làbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wà. Irú Carex tó wà lágbàáyé tó nǹkan bí 2,000, nǹkan bí 480 nínú wọn ló sì jẹ́ ti Àríwá Amẹ́ríkà. Ojú lásán lè pè é ní koríko, ṣùgbọ́n bí a bá yí igi rẹ̀ láàárín ìka méjì, igun mẹ́ta ni ọwọ́ sábà máa ń bá.

Ní Minnesota àti Iowa, ìpínlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àbàtà ni wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ kí àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà lè rí ilẹ̀ gbà. Níbi tí wọ́n ti dá omi padà, Carex kì í sábà padà fúnra rẹ̀. Phalaris arundinacea, koríko kan tó máa ń gba ilẹ̀ mọ́ ewéko mìíràn lọ́wọ́, ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbin Carex.

Kíkó irúgbìn

Carex stricta máa ń gbó ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ó sì máa ń tètè gbọ̀n dànù. Ẹni tó bá dúró di ìgbà ìkórè àgbàdo kò ní bá nǹkan kan. Inú àpò tín-ín-rín ni irúgbìn kọ̀ọ̀kan ń gbé, òfìfo sì ni púpọ̀ nínú àpò náà lè jẹ́. Kí á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò: èyí tó ní ọmọ nínú á le, òfìfo á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Oorun irúgbìn

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ irúgbìn Carex kì í hù ní kété tó bá gbó, nítorí pé ó ń sùn, òtútù nìkan kò sì tó láti jí i: irúgbìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi kí òtútù tó lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń pò ó mọ́ yanrìn tútù, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì gbé e sínú fìríìjì ní nǹkan bí 4°C fún oṣù kan sí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn irú mìíràn. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà fìríìjì lè fún un sí ìta kí yìnyín tó dé, kí ìgbà òtútù fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn òtútù, ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú ewé kọjá yàtọ̀ sí ti oòrùn gbangba, torí pé ewé ti fa púpọ̀ nínú apá pupa rẹ̀ mu, irúgbìn sì mọ ìyàtọ̀ náà. Ó tún jọ pé ooru ọ̀sán tó yàtọ̀ gidigidi sí ti òru máa ń ran ọ̀pọ̀ irú lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí nǹkan kò bò ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Lójú ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ irúgbìn, àmì kan náà ni méjèèjì: àyè ṣí sílẹ̀ lókè. Irúgbìn tí kò bá rí àmì yìí lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Fífún àti ìtọ́jú

Ojú ilẹ̀ ni a ń fún un sí. Bí a bá fi erùpẹ̀ bò ó bí àgbàdo, ó lè má hù rárá. A ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ máa tutù láìjẹ́ kí omi bo èéhù mọ́lẹ̀. Èéhù náà tín-ín-rín bí irun, ó sì rọrùn láti fà á tu pẹ̀lú èpò.

Carex vulpinoidea rọrùn púpọ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Carex pensylvanica, tí èèrà máa ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri nínú igbó, kì í so púpọ̀, kì í sì í hù dáadáa. Pípín ìdí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùgbìn ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ òfìo náà ṣe ń gbin kóró abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ dípò irúgbìn.