Òjijì kọ́ ni John Boyega dé

Nígbà tí ìpolówó àkọ́kọ́ fún fíìmù Star Wars tuntun jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ojú tí ayé kọ́kọ́ rí ni ojú ọmọ Yorùbá, òṣèré John Boyega. Aṣálẹ̀ ni, iyanrìn lọ rẹrẹ, kò séèyàn níbẹ̀. Àfi gbì tí ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan yọ sókè láti ìsàlẹ̀, tòun ti ìhámọ́ra funfun lọ́rùn, òógùn bò ó lójú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò pẹ́ rárá tó fi kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa ìtàn kan fún wa: ọmọ pásítọ̀ ni, Peckham ló ti wá, kò mọ ẹnì kankan, òyìnbó kan kàn rí i lójijì, ilẹ̀ sì mọ́ ó di gbajúmọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lóde àríyá, mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ìwàásù pẹ̀lú.

Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀ lóòótọ́, Peckham ní gúúsù London ló sì dàgbà sí. Ibi tí òótọ́ mọ nìyẹn.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Boyega, tí wọ́n bí ní 1992, nígbà tó kọ́kọ́ ṣeré níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹkùn ni wọ́n ní kó ṣe. Nígbà tó pé mẹ́sàn-án, Teresa Early, tó jẹ́ adarí Theatre Peckham, ilé ìtàgé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní eré, wo eré mìíràn tó ṣe níléèwé náà, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè wá máa kọ́ eré níbẹ̀. Bàbá fẹ́ kọ́mọ òun di oníwàásù, àmọ́ kò dí i lọ́wọ́. Owó ni wàhálà, owó ìrànwọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn tí ò rọ́wọ́ họrí ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀. Bí iléèwé bá ti jáde, ibẹ̀ ló ń lọ, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àdúgbò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ eré ní South Thames College, níbi tó ti ṣe Othello gan-an nínú eré Shakespeare. Ó wọ Yunifásítì Greenwich, kò dúró parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí Yorùbá, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nínú ilé.

Iléèwé tó wá ṣe é láǹfààní jù lójú tèmi ni Identity School of Acting, èyí tí Femi Oguns, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí London, dá sílẹ̀ ní 2003, torí pé àwọn ọmọ dúdú ò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn láwọn iléèwé eré ńláńlá. Òṣèré Letitia Wright gba ibẹ̀ kọjá, òṣèré Damson Idris náà gba ibẹ̀ kọjá. Oguns yìí kan náà ló di ajẹ́ǹtì Boyega, ẹni tó ń bá a wáṣẹ́ kiri. Ká tiẹ̀ ní òjijì ni, ta ló ń kan ilẹ̀kùn fún un nígbà yẹn?

Orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀ síí gbowó: eré kan ní National Theatre, òmíràn ní Tricycle Theatre ní Kilburn ní 2009, èyí tó dá lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni fíìmù Attack the Block dé ní 2011. Ẹ lọ wò ó. Moses ló pe orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ìta tó fi ọ̀bẹ ja nọ́ọ̀sì kan lólè ní òpópónà, kí àwọn ẹ̀dá àjèjì tó já bọ́ láti òfuurufú. Moses kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ló fi ń ṣeré: bó ṣe ń rẹjú sílẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé òun lòun fa wàhálà wọ àdúgbò. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré ló lè ṣe ìyẹn. Fíìmù náà ò pawó ní sinimá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yan òṣèré wò ó, J.J. Abrams, ẹni tó darí fíìmù Star Wars yẹn, sì wà lára wọn.

Ṣé ó wá tẹnu bọlá lọ́jọ́ kejì? Rárá o. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún eré kan tí Spike Lee darí, tí wọ́n fà yọ lára ìgbà èwe akànṣẹ́ Mike Tyson. Wọ́n ya abala àkọ́kọ́, HBO wò ó, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Iṣẹ́ ńlá tó bọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ó lọ sí Calabar, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jẹ́ Ugwu nínú fíìmù Half of a Yellow Sun, èyí tí Biyi Bandele darí (ọmọ Yorùbá darí ọmọ Yorùbá nínú ìtàn Ìgbò, ó wù mí). Ó ṣe fíìmù Imperial Dreams, èyí tó gba ẹ̀bùn àwọn òǹwòran ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014.

Ti Star Wars fúnra rẹ̀, oṣù méje ni wọ́n fi pè é wá dánra wò lemọ́lemọ́. Abrams ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ wọn ò tìtorí ìyẹn fo ẹyọ ìdánwò kan fún un.

N ò ní orí ò bá a ṣe é. Orí bá a ṣe é. Àmọ́ ọjọ́ tí àwa mọ̀ ọ́n la sọ di ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, a wá ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ní 2017, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ojú rẹ̀, ó padà sórí ìtàgé ní ilé ìtàgé Old Vic ní London, ó ṣe sójà tí orí rẹ̀ ń dàrú díẹ̀díẹ̀ nínú eré Woyzeck. Ní alaalẹ́, kò sí kámẹ́rà, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, kò sẹ́ni tó máa ní kó tún un ṣe.