Wíwá Fáàfù Ààbò fún Ọkọ̀ Ojú Irin Àtijọ́ Tó Ń Lo Oru Omi

Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tó ti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó ń lo oru omi ló sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fa ọkọ̀ lórí rẹ̀ kí ti dísù tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Láfẹ́ńwá, ní Abẹ́òkúta, lónìí kò gbọdọ̀ fojú kéré fáàfù ààbò, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ méjì lórí bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí omi ti ń di oru.

Sípíríǹgì ló ń tẹ ìdérí fáàfù mọ́ ojú ihò. Bí agbára oru bá ju tirẹ̀ lọ, ìdérí á gbéra, oru á sì tú síta. Bí bọ́ílà bá ń ṣiṣẹ́ ní pọ́n-ùn 160 lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí ihò fáàfù sì fẹ̀ tó ínǹṣì 3, sípíríǹgì náà ní láti fi nǹkan bí pọ́n-ùn 1,130 tẹ̀ ẹ́, èyí tó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá láti Ewékorò lọ díẹ̀. Omi inú bọ́ílà yẹn yóò ti gbóná ju ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 185 lọ, bí irin bá sì ya lójijì, apá kan rẹ̀ yóò di oru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lọ bá àwọn tó ń ta irin àlòkù, ó yẹ kí ó ti mọ agbára oru tó ga jù tí wọ́n gbà fún bọ́ílà náà, ìwọ̀n ihò fáàfù, àti bí ibi ìdáná ṣe tóbi tó, torí bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni oru tí fáàfù gbọ́dọ̀ tú síta ṣe ń pọ̀ tó. Eyín bọ́ọ̀tì náà ṣe pàtàkì: irú eyín oníínǹṣì tí wọ́n ń pè ní Whitworth ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lò, bọ́ọ̀tì onímílímítà òde òní kò sì bá a mu. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni John Ramsbottom, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú irin ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú fáàfù tirẹ̀ jáde, níbi tí fáàfù méjì ti pín sípíríǹgì kan ṣoṣo lò, kí awakọ̀ má baà lè di í pa láti fi wá agbára kún agbára, ìwà tí àwọn awakọ̀ ayé ìgbà náà kò ṣàìmọ̀. Irú fáàfù tí wọ́n ń pè ní ti Ross, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, máa ń ṣí gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún padé kíákíá.

Fáàfù tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ àjákù tó jẹ́ irú kan náà ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kò bá sí, wọ́n lè da tuntun. Àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù mọ iṣẹ́ iyanrìn àti àwòṣe igi dáadáa, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kò yẹ níbí rárá. Idẹ tí wọ́n fi bàbà, táńganran àti síǹkì pò ni wọ́n ń lò. Sípíríǹgì tí ìpata ti jẹ kò ṣeé fà gùn kí ó lè padà lágbára. Tuntun ni kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi omi tútù dán bọ́ílà wò, ní ìlọ́po kan àbọ̀ agbára iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á yọ fáàfù kúrò, wọ́n á sì dí ihò wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá iná gidi: agbára oru kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọjá ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn 176 fún bọ́ílà 160. Bí ó bá yege, ayẹ̀bọ́ílàwò á fi òjé dí ibi tí wọ́n ti ń yí sípíríǹgì, fáàfù tí òjé rẹ̀ bá sì já gbọ́dọ̀ gba ìdánwò tuntun kí wọ́n tó tún dá iná.