Kọ́sítọ́mà mẹ́ta, oko kan

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníbúkà tó ń ra tòmátì ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì: ẹni tó bá ti ní nọ́ńbà kọ́sítọ́mà mẹ́ta tó ń ta tòmátì fún un lórí fóònù, ọjà ò lè wọ́n ọn. Ó jọ òótọ́, àmọ́ ó ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀.

Ẹ bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léèrè ibi tí tòmátì wọn ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ Kàdúná ni gbogbo wọn ti ń kó o, kọ́sítọ́mà kan ṣoṣo lẹ ní. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ya wọ oko tòmátì ní Kàdúná, ó bà á jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Nígbà tó tún di ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà ò sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Ta lẹ fẹ́ pè nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe Toyota náà rí. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó wáyé ní Jàpáánì lọ́dún 2011, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ fún wọn, ibì kan náà ni wọ́n ti ń rà á. Wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà tọpa ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dé ìdí.

Fóònù ọwọ́ yín lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ ṣí Google Sheets, áàpù tí wọ́n fi ń to àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, owó dátà nìkan ló ń ná yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìlú tí ọjà rẹ̀ ti ń wá, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, àti oṣù tó máa ń pọ̀. Bí Kàdúná bá wá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ wá àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátì Yorùbá nítòsí kún un. Mo mọ̀ pé àwọn alásè máa ń ní ó kan, ó sì lómi. Ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ìgbà òjò ló ń so, ìgbà náà gan-an sì ni ti Òkè Ọya máa ń wọ́n, torí omi tí wọ́n ń fà sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn jáde.

Ẹ da àkọsílẹ̀ yẹn kọ sínú ìwé pẹ̀lú, torí íntánẹ́ẹ̀tì náà lè já yín kulẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ báǹkì wa.